Ìbéèrè Tí Ẹ̀rọ Bi Wá

Oṣù kẹta tí wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́ ni ọ̀gá tún pè mí. Kò kí mi dáadáa. Ó ní kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ tí a fi ń gé díńgí ojú ti kú mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ níbi tó ti ń sọ Línúùsì, ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́, di tuntun, pé kí n wá bo àṣírí òun.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí òkúta tó ń lọ díńgí ṣe gbọ́dọ̀ yí, bó ṣe gbọ́dọ̀ rọra kàn án, èmi ni mo wọ̀n ọ́n, tí mo kọ ọ́ sínú fáìlì tèmi lọ́tọ̀. Èmi náà ni mo mú ọmọ ìyá mi wọbẹ̀, tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ́ ọ ní títẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá lé mi, ó ní àbúrò mi ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, òun ti fojú ara òun rí ẹ̀rí. Ẹ̀rí wo? Kò sọ. Àbúrò mi tẹ̀lé mi délé, ó bá mi sunkún. Mo tiẹ̀ fún un ní áńkáṣíìfù.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, àbúrò mi ti ń làágùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn dúró ni. Mo bá pa á."

Ìdajì tuntun, ìdajì ògbólógbòó ló kù nínú ẹ̀rọ. Mo gba ọ̀nà àtúnṣe wọnú kọ̀ǹpútà náà, mo ní kó parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà funfun ń sáré lọ, ó wá dúró gbọnin, ó béèrè ọ̀rọ̀: wọ́n ti yí fáìlì yìí padà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, ṣé kí òun jẹ́ kí ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ni, àbí kí òun fi tuntun rọ́pò rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló dẹ́rù ba àbúrò mi tó fi pa kọ̀ǹpútà.

Ó yà mí lẹ́nu, torí fáìlì tó bá ẹ̀rọ wá ni, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Mo ṣí i wò. Gbogbo òǹkà mi ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi ti dà á kọ síbẹ̀, ó sì ti pa fáìlì tèmi rẹ́. Lókè pátápátá, orúkọ rẹ̀ rèé gàdàgbà. Ẹ̀rí ọ̀gá nìyẹn. Inú bí mi débi pé ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, Ìyá Kọ̀ǹpútà?" ọ̀gá bi mí.

"Ẹ̀rọ ń béèrè nǹkan, sà. Ẹni tó kọ fáìlì ni kó dáhùn."

Ọ̀gá kọjú sí àbúrò mi. "Bàbá Kọ̀ǹpútà, ṣebí ìwọ lo kọ ọ́? Dá a lóhùn."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Mò ń gbọ́."

Ó na ìka. Mo mọ̀ pé tuntun ló máa mú. Láti kékeré, ohun tó bá ti ń dán ló máa ń mú. Ọwọ́ tí mo dì mú nígbà kan nìyẹn. Mi ò dì í mú.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ parí iṣẹ́, ó jí padà, ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Díńgí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sí i fọ́ sí méjì. Èkejì náà fọ́.

Mo gbé báàgì mi. Ẹ̀rọ náà kì í ju fáìlì àtijọ́ tí òǹkà mi wà nínú rẹ̀ nù. Ó máa ń fi í pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àbúrò mi débẹ̀ ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó tún ń sunkún. Mo dúró díẹ̀, bóyá á rántí. Kò rántí. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò rán an létí.