Ọkọ̀ Adéòjó Kò Lè Dé Ẹ̀pẹ́

Àlímì kì í bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Bó bá rí wọn lókèèrè, á gba ọ̀nà oko. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá ló wá bá a ní Ejinrin: Sájẹ́ǹtì Toyyibah, obìnrin kúkúrú kan. Adéòjó, aládùúgbò Àlímì, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nàka bí ẹni tó rí ejò.

“Bàbá, ìdí tá a fi ń mú yín ni pé Adéòjó ní ẹ gbé ọkọ̀ ojú omi òun lọ sí Ẹ̀pẹ́ láìtọrọ ẹ̀. Ẹ ò bá wa jà, mi ò ní fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí yín lọ́wọ́. Ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́.”

Dákẹ́ yẹn ni Àlímì dì mú. Òun ló kúkú gbé ọkọ̀ náà. Bó bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, inú àhámọ́ ló máa sùn. Ló bá ká ẹnu kò bí ìgbín tó rí iyọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n bi í lórúkọ. Kò fọhùn. Ó fẹ́ sín, ó gbé e mì, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Mọ̀nsúrát ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, gèlè lọ́wọ́. “Bàbá Anwar, kí ni wọ́n fi yín ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun!”

Sájẹ́ǹtì kọjú sí Adéòjó. “Ṣé ẹ rí i nígbà tó ń gbé e?”

“Ipa ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo rí nínú ẹrẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ nìkan? Ìyẹn ò tó o.” Ó ń kó bírò rẹ̀ sápò. Ọkàn Àlímì fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀.

Adéòjó pòṣé. “Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Àlímì wo ló tiẹ̀ mọ ọkọ̀ wà? Bí ẹní ń ro ẹ̀bà ló ṣe ń fi àjẹ̀ ro omi.”

“Èmi?” Àlímì fò dìde. “Ọkọ̀ ẹ tó ń jò bí asẹ́ yẹn, ọwọ́ kan ni mo fi wà á dé Ẹ̀pẹ́ yìí, mo ń fi ìkejì gbọ́n omi!”

Mọ̀nsúrát ká ọwọ́ lérí. Sájẹ́ǹtì yọ bírò padà.

“Irọ́!” Adéòjó ló pariwo. “Ọkọ̀ yẹn ò lè dé Ẹ̀pẹ́ láéláé! Èmi tí mo ni ín, mi ò jẹ́ kọjá etí omi nínú ẹ̀.”

“Mo dé bẹ̀!”

“O ò dé bẹ̀!”

“Ẹ dákẹ́ ná,” ni Sájẹ́ǹtì wí, ó kọjú sí Adéòjó. “Ẹ̀yin lẹ ní ó gbé e dé Ẹ̀pẹ́.”

“Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mi ò ṣẹjọ́ mọ́. Irú Àlímì ò lè ṣe é!”

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀, ó pa ìwé dé. “Ẹni tó ni ọkọ̀ ní wọn ò gbé e. Bàbá, ẹ máa lọ sílé.”

“Ilé wo?” Àlímì lu tábìlì. Mọ̀nsúrát ti ń fà á láṣọ, òun sì di férémù ilẹ̀kùn mú. “Sájẹ́ǹtì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ tì mí mọ́lé! Mo wà á débí!”