Ọ̀rọ̀ Kan Lórí Bẹ́ńṣì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń rán ẹ̀wù fún àwọn akọrin ìjọ wa. Èmi ni mo ń so bọ́tìnnì, tí mo sì ń lọ aṣọ. Ojú òsì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, á máa wá ojú abẹ́rẹ́ kiri pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ títí inú á fi bí mi. "Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí," ni yóò wí, á sì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọ̀nà okùn ti ń dí.

Dókítà ojú tí mo mú un lọ bá kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní àrùn tó pa ojú òsì ló wà nínú ọ̀tún, pé iṣẹ́ abẹ kò lè dá ohun tó ti lọ padà, àmọ́ yóò di èyí tó kù mú. "Àyè wà lónìí," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn, mà. Ẹ lọ jókòó síta, ẹ rò ó, kí ẹ wá fún mi lésì."

A jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òórùn ọṣẹ ìfọlẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Jẹ́ kí n bi Olúwa ná."

"Ẹ tètè bi Í o. Dókítà ń retí."

Ó tẹrí ba, ètè rẹ̀ ń mì. Kò pẹ́ tó fi gbé orí sókè, ara sì ti tù ú. "Ó ti dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó ní, Dúró."

"Dúró kẹ̀?"

"Kí n dúró. Àkókò kò tíì tó." Ó dìde, ó gbé báàgì kọ́ apá, a sì gba ilé lọ. Inú bí mi délé. Ṣùgbọ́n ta ni èmi tí ń sùn nínú ìwàásù, tí n ó máa bá ẹni tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ jiyàn?

Ó dúró lóòótọ́. Ó gbààwẹ̀, ó kọrin, ó ń rán ẹ̀wù. Ìṣẹ́tí ẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mò ń tú u, mò ń tún un rán lẹ́yìn rẹ̀ láìsọ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kí ẹ̀wù tí mo fi kọ́ sára ògiri, ó ní kó wá jókòó. A jọ rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo mú un padà lọ bá dókítà. Dókítà náà wo ojú náà pẹ́, ó pa iná tó fi ń wò ó, ó ní kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti dì mú mọ́.

Bàbá tí ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa wá kí wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa. "Bàbá, Ó ní kí n dúró, mo sì dúró. Kí ló dé tó fi já mi kulẹ̀?"

"Níbo lo wà nígbà tó wí bẹ́ẹ̀?"

"Lórí bẹ́ńṣì, lẹ́nu ọ̀nà dókítà."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo dìde, mo..."

Èmi tí mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà, ó yé mi wàyí. Dúró. Ẹni tó fẹ́ máa lọ là ń wí i fún, pé kó má kúrò níbi tó wà.

"Kò dá mi lójú o, ọmọ mi," ni Bàbá yára wí. "Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ní lọ́kàn." Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀; ó ti bọ́, ó ti fọ́.

"Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà mí, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí n tó tẹrí ba rárá ni mo ti fẹ́ máa lọ sílé. Ẹ̀rù ni mo fi ṣe etí."

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ni mò ń sunkún, èmi náà ni mò ń ríran. Òun kò sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni àdúrà rẹ̀ ti yí padà. Kò tọrọ ojú mọ́. Ohun tó ń tọrọ ni kí Olúwa jẹ́ kí òun lè gbọ́ ohun tí òun kò fẹ́ gbọ́. Mo sọ fún un pé mi ò rí ohun tí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe fún afọ́jú. Ó ní òun náà kò tíì rí i.

Lọ́jọ́ kan, mo wọ yàrá rẹ̀, oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó kún orí ibùsùn.

"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́?" ó bi mí.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. "Ó kù díẹ̀. Ẹ padà sùn."

Ó na ọwọ́ síwájú, oòrùn sì bà lé e. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà nínú ooru náà.

"Àánú mi ló ń ṣe ọ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Èyí tó tù mí lára ni mo gbọ́ lọ́jọ́sí, wo ibi tó gbé mi dé. Bí ìwọ náà bá ń parọ́ fún mi, ta ni yóò fọ̀nà hàn mí?"

Mo di ọwọ́ náà mú. "Ilẹ̀ ti mọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí. "Ó ti mọ́ tipẹ́."