Ọrẹ Kwamena Otu

"Ẹ ka ojú ewé kẹtàlélógójì fún wa, Tíṣà," ni lọ́yà ìjọ wí ní kóòtù.

Ato Baidoo gba ìwé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn: ìtàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Anomabo. Láti ìgbà náà, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì létí òkun yẹn tí Ato kò tíì tú àpótí ìwé ibẹ̀ wò.

Ó kà á: "Bàbá Kwamena Otu fi ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ta ìjọ lọ́rẹ títí láé."

Maame Ekuwa, opó ọmọ-ọmọ Kwamena Otu, jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọwọ́ lọ́ etí aṣọ rẹ̀. Inú ilé yẹn ló ń gbé. Ìjọ fẹ́ wó o, kí wọ́n fi kọ́ ilé àlejò.

"Àṣìṣe ni," Ato sọ fún adájọ́. Ó ní ẹnu àwọn àgbà ìjọ lòun ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òun rí ìwé ìpàdé àtijọ́ kan tó sọ pé ńṣe ni Kwamena Otu yá ìjọ nílé náà. Bí àlùfáà òyìnbó tó ń gbé ibẹ̀ bá ti ríbòmíràn gbé, kí wọ́n dá a padà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Òun mú ìwé náà lọ fún alága àwọn àgbà ìjọ, Ọ̀gbẹ́ni Mends, ẹni tó ní kóun fi sílẹ̀ kó lè fara balẹ̀ kà á. Òun ò rí i mọ́.

Mends búra pé òun ò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ogójì ọdún ni òun àti Ato ti jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Kò wojú rẹ̀.

"Tíṣà," ni lọ́yà tún wí, "nínú ẹ̀yin méjèèjì, èwo ni ká gbà gbọ́? Ẹni tó kọ̀wé, àbí ẹni tó ń ṣàròyé yìí?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ní ohun tí wọ́n tẹ̀ síwèé lòun rí, ó sì dá ìjọ láre.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ato lọ bá Maame Ekuwa palẹ̀ ẹrù mọ́. Kò lè dúró lójú kan. Á gbé ìkòkò, á tún gbé e sílẹ̀. Ó ní òun máa kọ ìwé mìíràn, òun á sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Obìnrin náà so ẹní rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kọ ti àkọ́kọ́, Tíṣà, ẹnu ọ̀nà wa yìí lẹ̀ ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́. Ọkọ mi wà láàyè. Ẹ ò yà bi í léèrè."