Ọmọrí Ìkòkò Dasol

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Dasol fún yín kí inú mi tó bẹ́!

Èmi àti Gyutae ọkọ mi la kọ́kọ́ fi Seoul sílẹ̀ wá sí abẹ́ òkè yìí, pé ohun tá a bá fọwọ́ ara wa gbìn la ó máa jẹ. Ẹ̀yìn wa ni Dasol aládùúgbò wa dé. Adìyẹ tèmi ò yé, tiẹ̀ ń yé bí ẹni ń gbowó oṣù. Kòkòrò jẹ kábéèjì mi tán, tiẹ̀ tóbi bí orí màlúù.

Mo fara dà á. Àmọ́ ti ìkòkò Ìyá Àgbà Mallye, àgbà abúlé wa, ni mi ò lè fara dà. Omi sóyà dúdú tá a fi ń se ọbẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ìyá ọkọ wọn ló fún wọn, ọdọọdún ni wọ́n ń da tuntun lé ògbólógbòó, kò gbẹ rí. Wọn ò bímọ. Wọ́n ní nínú èmi àti Dasol, ẹni tí sóyà ẹ̀ bá dùn jù ló máa jogún ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa wá tọ́ ọ wò.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo ṣí ìkòkò mi kó lè yá oòrùn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe níbí. Mo yọjú lórí ògiri: ìkòkò Dasol náà wà ní ṣíṣí, òun sì ti lọ sọ́jà. Kò pẹ́, ojú ọ̀run ṣú.

"Gyutae! Òjò máa kún ìkòkò ìyá oníkábéèjì!"

Gyutae wà lórí òrùlé, ó ń dí ibi tó ń jò. "Lọ bá a dé e."

"Èmi kẹ̀? Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mí?"

"Tí Ìyá Àgbà bá gbọ́ pé o dúró ń wò ó ńkọ́?"

Ha! Mo fo ògiri. Òjò ti ń ya. Mo nawọ́ sí ẹnu ìkòkò náà, àfi gbàá! Gíláàsì! Ọmọrí gíláàsì ló wà lórí ẹ̀, oòrùn ń wọlé, òjò ò rí ọ̀nà. Mo tún wá ń jowú ọmọrí!

"Boram!" Gyutae ń pariwo lókè. "Tiwa! Tiwa ńkọ́?"

Kí n tó padà, tèmi ti kún.

Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò. "Boram ọmọ mi, sóyà rèé àbí omi odò?" Gyutae bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ló tún fi ọmọlanke ti ìkòkò ogún lọ sílé Dasol!

Nírọ̀lẹ́, Dasol gbé abọ́ kan wá. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ sáré wá dé ìkòkò mi nínú òjò. Ẹ ṣeun o. Mo bù díẹ̀ fún yín nínú ti Ìyá Àgbà."

Mo fẹ́ dà á nù. Mo kọ́kọ́ fìka kan tọ́ ọ wò. Ó dùn! Ó dùn débi pé inú túbọ̀ bí mi.

Mo ti dà á sínú sóyà tuntun tí mo ṣe. Mo sì ti ra ọmọrí gíláàsì. Kò bá ẹnu ìkòkò mu, àmọ́ ó tóbi ju ti Dasol lọ.