Kápẹ́ẹ̀tì Tí Yèyé Lè Tẹ̀

Ìgbà kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí Yèyé jáde nílé bọ́ sí títì Iléṣà sí Ifẹ̀. Awakọ̀ tánkà kan ló fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì kó tó dúró níwájú màmá arúgbó tó ká ìró sókè bí ẹni tó ń la odò kọjá. Susannah sáré débẹ̀ láìwọ bàtà. Ó di ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ ká padà sílé, Yèyé."

"Ulé ni mò ń lọ," ni màmá náà wí. "Ta ni ọ́? Fi mí sílẹ̀ kí n re ulé mi."

Bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ gan-an ló ti ń bọ̀, ilé tí olóògbé ọkọ rẹ̀, Barnabas Ọdúntán, àgbẹ̀ kòkó, kọ́ sínú oko lẹ́yìn Òṣú, tí Yèyé sì ti gbé inú rẹ̀ fún ọdún méjìdínláàádọ́ta. Yèyé ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí iyè rẹ̀ ti ń ra, ṣùgbọ́n kò sá nílé rí, àfi ìgbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe.

Susannah ló tún un ṣe, ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn. Tíṣà ni ní Iléṣà. Nígbà tó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ láti wá tọ́jú ìyá rẹ̀, ó ní òun ò ní jẹ́ kí arúgbó máa gbé lórí sìmẹ́ńtì tó ti sán. Ó yọ fèrèsé onípákó, ó fi ti gíláàsì rọ́pò. Ó lẹ táìlì funfun mọ́ ilẹ̀ káàkiri. Kápẹ́ẹ̀tì pupa ńlá kan wà ní pálọ̀, èyí tí Alhaji Àkànó ará Òṣogbo, tó máa ń ra kòkó, gbé ti Mẹ́kà bọ̀ fún bàbá rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ṣí ilé. Susannah ní kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ó wọ́ ọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dáná sun ún.

Láti ọjọ́ náà ni Yèyé ò ti mọ ilé mọ́. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, á dúró, á ká ìró dé orúnkún, á na ẹsẹ̀ kan síwájú, á tún fà á sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó ló ṣàlàyé.

"Táìlì yẹn ń dán lójú wọn bí omi ni, Mà. Wọ́n rò pé odò ni. Ẹ wá nǹkan tí kì í dán bò ó, nǹkan tó wúwo, tí kò ní yọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí ilé jọ èyí tí wọ́n mọ̀."

Susannah dá fèrèsé onípákó padà. Ó wá àga ọparun àtijọ́ jáde láti inú àká, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń tò wọ́n. Ó ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́jà Iléṣà, pupa fòò. Òwú oníke ni wọ́n fi ṣe é, ó ń kọ mànà bíi táìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí Yèyé kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó gbé e ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì rọ́. Kò tún wọ pálọ̀ mọ́. Ìta ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, ògì díẹ̀ nìkan ló sì ń kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Micah, ẹ̀gbọ́n Susannah tó wà ní Àbújá, sọ lórí fóònù pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Susannah dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Yèyé lu ilẹ̀kùn náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí Susannah ṣí i, àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sunkún, ọ̀kan ò sì lè rẹ èkejì lẹ́kún.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé èyí tí tánkà fẹ́ gbá Yèyé, Susannah gbé e sínú ọkọ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè fi í tì. Òṣogbo ni wọ́n kọrí sí. Ó ti gbọ́ pé Raliat, ọmọ Alhaji Àkànó, ń ta ẹrù ilé àtijọ́ ní Alekuwodo.

Àlájà Raliat ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó mú Yèyé jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó bu omi fún un.

"Ìyàwó Ọdúntán rè é? Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni bàbá ẹ àti bàbá mi."

"Àlájà, kápẹ́ẹ̀tì bíi èyí tí bàbá yín fún wa ni mo bá wá," ni Susannah wí. "Pupa ni, ó ní òdòdó dúdú láàárín. Tí n ò bá rí i, n ò mọ ohun tí mo tún máa ṣe mọ́."

Raliat kò bèèrè ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́. Ó tẹ́ mẹ́fà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Má wojú ẹ̀, àbúrò mi. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kó o wò. Èyí tí wọ́n fọwọ́ hun, wàá rí kókó òwú lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò sì ní dọ́gba. Ti ẹ̀rọ máa ń gún régé bí ìlà ìwé ni. Wá wo òwú tó rọ̀ sílẹ̀ létí ẹ̀ yìí. Láti inú ẹ̀ ló ti jáde. Èyí tí wọ́n bá rán ti ẹ̀ mọ́ ọn, ayédèrú ni. Kó o tún gbóòórùn ẹ̀. Irun àgùntàn ò ṣeé fi pamọ́."

Susannah kúnlẹ̀. Ó rẹ áńkáṣíìfù sómi, ó fi ra ojú wọn wò bóyá aró á tú. Ó ti ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó ti ṣá, ó dà bí ewé kòkó tó gbẹ, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ti jẹ ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ìkarùn-ún ló jẹ́ pupa tó ní òdòdó. Ó yí i dé, ó ń fi ìka tọ kókó ẹ̀yìn rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí òwú láìmọ̀. Nígbà tó gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lórí àpótí.

Ó jáde bí ẹni tí iná jó. Kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ń já ara wọn sílẹ̀ lójú títì. Ó fi fọ́tò inú fóònù han àwọn oníṣòwò ẹ̀bá ọ̀nà: ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí màmá yìí? Wọn ò rí i. Ó sáré dé oríta, ó sáré padà, ó ń pe Yèyé. Níbi tó ti di òpó iná mú ni èrò kan ti yọ sí i lọ́kàn pé tí wọn ò bá rí Yèyé mọ́, òun á sinmi. Èrò náà kò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó dé, òun ló sì ronú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà.

Ibẹ̀ ni Raliat ti wá bá a. "Dìde. Wọ́n ti rí màmá ẹ."

Mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ náà. Ní apá àwọn obìnrin, Yèyé na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ogbó kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ síta, ó tò ó pọ̀. Kifayat, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, ní kò da ẹnikẹ́ni láàmú, ó kàn wọlé ni.

"Bọ́ bàtà ẹ," ni Yèyé sọ fún Susannah. "Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

Susannah bọ́ ọ. Ó yíjú sí Raliat, ó kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Àlájà. Èyí ni kí wọ́n fún mi. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n ṣe, màá ṣe é."

"Dúkìá Ọlọ́hun ni. Ẹni tó fi ṣe sàráà ti kú, kò sẹ́ni tó lè gbé e fún ẹ. Ṣùgbọ́n fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Kò pupa, kò ní òdòdó kankan. Ojú rẹ̀ kú, ó wúwo, kò sún kúrò nílẹ̀.

"Pupa tí ò ń wá kiri yẹn," ni Raliat wí, "ojú tìẹ ló ń wá a. Ẹsẹ̀ tiwọn ò mọ pupa."

Èyí tó dà bí ewé kòkó, tí Susannah ti sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni wọ́n padà lọ ká. Kókó ẹ̀yìn rẹ̀ wà pérépéré, òwú etí rẹ̀ sì ti inú rẹ̀ wá.

"Gbé e lọ ná," ni Raliat wí. "Tí kò bá bá ẹsẹ̀ wọn mu, dá a padà fún mi."

Kò rọrùn láti mú Yèyé kúrò ní mọ́ṣáláṣí. Ó sunkún títí wọ́n fi kọjá Iléṣà.

Nígbà tí wọ́n dé oko, Adéjọbí, aládùúgbò wọn, bá Susannah gbé kápẹ́ẹ̀tì náà wọlé. Wọ́n tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga ọparun, ó bo táìlì náà mọ́lẹ̀. Yèyé dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ká ìró sókè. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Susannah ò lè wò ó mọ́, ó kọjú sí ògiri. Ìgbà tó máa bojú wẹ̀yìn, Yèyé ti jẹ́ kí ìró padà bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ń lọ láàárín pálọ̀ láìgbá ohunkóhun mú. Ó jókòó. Ó ní ebi ń pa òun. Ó jẹ iyán òkèlè mẹ́rin.

Susannah dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Yèyé rí i níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, irú ẹ̀rín tó máa ń rín sí àlejò.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó," ni ó wí. "Ọmọbìnrin mi ò sí nílé. Tíṣà ni, ní Iléṣà. Kò ní pẹ́ẹ́ dé. Ẹ dúró dè é."

"Mo máa dúró, Mà," ni Susannah dáhùn.

Ó lọ jókòó tì í lórí kápẹ́ẹ̀tì náà, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ọ̀nà.