Ẹ Má Ṣí I Wò

Ìgbà kẹta nìyí tí Ògúnjìnmí ṣí aṣọ náà wò, ìgbà kẹta nìyí tí ẹ̀jẹ̀ tún ya bo ọrùn Àpìkẹ́ ọmọ rẹ̀.

Àfín ni Àpìkẹ́. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni dókítà gé jẹjẹrẹ kúrò ní ẹ̀bátí rẹ̀ ní ọsibítù kan ní Iléṣà. Kò rán ojú ọgbẹ́ náà. Ó ní kí ẹran ara fúnra rẹ̀ hù dí i. Nígbà tí bàbá àti ọmọ ń padà bọ̀ sí Ìwàrà láàárọ̀, Nọ́ọ̀sì Cecilia kìlọ̀ fún wọn pé bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, kí Àpìkẹ́ jókòó, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí fún ogún ìṣẹ́jú. Bí aṣọ bá rin, kí wọ́n gbé òmíràn lé e lórí. Kí wọ́n má ṣí i wò rárá.

Ògúnjìnmí ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni, ojú ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó lónìí, bó bá di ọ̀la yóò ti máa tú u wò bóyá ó ti kan.

Ètè Àpìkẹ́ ti ń funfun. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń lọ sí Iléṣà ti lọ, ó di ọ̀la.

“Bàbá mi, ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ dì lẹ ń ṣí kúrò. Bí ẹ bá tún ṣí i, n kò rò pé mo máa rí ọ̀la.”

Ẹ̀rù ba bàbá náà gan-an. Ó béèrè pé báwo ni òun yóò ṣe mọ ogún ìṣẹ́jú nínú ilé tí kò ní aago. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní kí ó dijú, kí ó máa rìn lọ sóko nínú ọkàn rẹ̀, kí ó má sáré. Bí ó bá dé ahéré, ogún ìṣẹ́jú ti pé.

Ó gbé aṣọ mìíràn lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dijú. Ó kọjá lábẹ́ igi obì Fáṣínà aládùúgbò wọn. Ó fẹsẹ̀ la odò kọjá, ó gun òkè olókùúta. Ó ń ka kòkó tí ó gbìn lọ́dún tí wọ́n bí Àpìkẹ́, ìdí kọ̀ọ̀kan, ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ kò gba àárín ìka rẹ̀ jáde mọ́.

Ó wá dé iwájú ahéré, níbi tí wọ́n ń sá kòkó sí. Níbẹ̀ ni Àpìkẹ́ ti ń jókòó láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, láìdé akẹtẹ̀, tó ń yí kòkó, tó ń lé ewúrẹ́, láti àárọ̀ dalẹ́. Ojú rẹ̀ kò ríran tó láti fi àdá ṣánko, òun bàbá sì gbà pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn lòun fún un. Dókítà ti sọ pé oòrùn ló fa jẹjẹrẹ náà, ó sì béèrè ẹni tó fi ọmọ yìí sínú rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun bàbá wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, abẹ́ ìbòòji ni òun jókòó sí.

“Ẹ ti dé ahéré?”

“Mo ti dé. Ìwọ ni mo bá níbẹ̀, nínú oòrùn.”

Àpìkẹ́ fi orí ti ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó ní kí ó má tíì gbé e kúrò.