Ẹni Tó Pa Oníbúrẹ́dì

Òkú náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọ̀gbẹ́ni Fátúnsìn ni, oníbúrẹ́dì, ọkùnrin kúkurú kan tó sanra. Wọ́n ti pa á láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú sì ń tì í díẹ̀ nítorí kò ráyè pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́ kí àlejò tó dé.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá Aránṣọ," ó ní. "Ẹ̀yin la ti ń retí. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé ta ló pa mí, àmọ́ ẹ̀yìn ni mo kọ sí onítọ̀hún."

Mo ní ẹ kú ewu. Ó ní a dúpẹ́, ó kàn jẹ́ pé ewu náà yára ju òun lọ ni.

Ẹ̀rù kò bà mí. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ka ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń pa èèyàn kan ní orí kìíní, tí ẹni méjì yóò fẹ́ ara wọn ní orí tó gbẹ̀yìn, tí ẹ̀rín yóò sì pọ̀ láàárín. Mo ti ka irínwó ó dín méjì. Aṣọ ni mò ń rán jẹun ní Ìkìrun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé, màá sọ fún yín pé mo máa ń mọ apànìyàn kí ìwé tó dé ìdajì.

Ìkìrun náà la wà lọ́jọ́ yẹn. Òkun ti dé ẹ̀yìnkùlé Fátúnsìn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nínú pálọ̀, ìyẹ̀fun ń rọ̀ láti àjà bí òjò wẹliwẹli. Fátúnsìn ní ìṣẹ́jú tí òun kú ló bẹ̀rẹ̀, kò sì tí ì dá. Láti ìta, kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀. Òrùn ń ràn, ògiri ò yí padà, fèrèsé sì wà ní títì. Èmi náà ò mọ̀ títí ìyẹ̀fun fi bò mí léjìká.

Ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Bọ́látitó, ọmọ àbúrò olóògbé, ọmọbìnrin tó ń bá a ta búrẹ́dì. Èkejì ni Sájẹ́ǹtì Ajíbóyè, ọlọ́pàá, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga tó ti ṣọ́ ilẹ̀kùn láti àárọ̀, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. Ẹ̀kẹta ni bàbá mi.

Bàbá mi ti kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọ̀gá ilé ìwé ni nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó kó ìwé mẹ́fà kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ó ní ìwé tí kì í bá ṣe ti ìdánwò, ìranù ni. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó mi orí.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, mo bá ṣí i. Ọ̀gbẹ́ni Sówándé ló dúró lójú òrùn, oníbúrẹ́dì kejì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Fátúnsìn. Agbòjò dúdú ló nà sórí. Ó ní òun wá bá wọn kẹ́dùn ni. Ó ní ogún ọdún ni òun àti olóògbé fi bínú síra wọn, pé òní gan-an lòun kọ́kọ́ máa tẹsẹ̀ bọ ilé náà. Ó wọlé, ó jókòó sábẹ́ agbòjò rẹ̀. Fátúnsìn gbé tíì fún un.

Sájẹ́ǹtì ní wọ́n rí ìborùn Bọ́látitó lábẹ́ òkú, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ mú un. Ọkọ̀ ojú irin ti ọ̀sán máa gba inú pálọ̀ kọjá, òun ni yóò gbé e lọ. Mo wolẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti to irin ọ̀nà ọkọ̀ náà sábẹ́ àwọn àga wa.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tèmi ni?" Bọ́látitó bi í.

"Èmi ni mo rà á fún yín," Sájẹ́ǹtì dáhùn. Omijé ń la ọ̀nà nínú ìyẹ̀fun ojú rẹ̀.

"Mo fọ̀ ọ́ lánàá, mo sá a sórí okùn ní ìta. Ṣé ẹ rò pé mo lè fi ohun tí ẹ fún mi pààyàn?"

Sájẹ́ǹtì mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, ó fẹ́ fi í sí Bọ́látitó lọ́wọ́. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà kọ̀, kò pa dé. Ó ní, "Ọwọ́ tí wọ́n rán mi sí kọ́ nìyí." Ohùn rẹ̀ dà bí ti àgbà obìnrin kan tó ń ta aṣọ.

Mo dìde. Mo ní mo mọ ẹni tó ṣe é.

"Morádékẹ́, jókòó," bàbá mi sọ. "Ìwé ìranù kò lè gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, pálọ̀ náà di kíláàsì. Bẹ́ǹṣì ni gbogbo wa jókòó lé, pátákó ìkọ̀wé sì wà níwájú. Bàbá mi na ṣọ́ọ̀kì sí mi. A ti ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin lókèèrè. Mo gba ṣọ́ọ̀kì náà. N kò kọ nǹkan kan. Mo kọjú sí wọn.

"Ìyẹ̀fun bo olúkúlùkù wa," mo ní, "nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń rọ̀ nínú ilé. Kò sẹ́ni tó jáde lọ sọ ọ́ níta. Ọ̀gbẹ́ni Sówándé, ìta ni mo ti bá yín pẹ̀lú agbòjò nínà. Bó bá ṣe nítorí òrùn ni, ẹ ò bá ti pa á dé lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló sọ fún yín pé ẹ máa nílò rẹ̀ nínú ilé?"

Gbogbo wọn wo aṣọ Sówándé. Dúdú ni, ó mọ́ tónítóní.

Sówándé pa agbòjò náà dé. Ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé e lórí, ara sì dẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀. "Búrẹ́dì tirẹ̀ ń wú," ó ní. "Ogún ọdún, tèmi ò wú rí."

"O ò ṣe bi mí?" Fátúnsìn sọ. "Ìwúkàrà rẹ ló ti gbó. Ǹ bá fún ọ ní tuntun."

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fò láti ọwọ́ Sájẹ́ǹtì, ó lọ pa dé sí ọwọ́ Sówándé. Ọkọ̀ ojú irin wọ kíláàsì wọ́ọ́rọ́wọ́, Sówándé gùn ún, ó sì dúpẹ́ tíì.

Fátúnsìn mú ọwọ́ Bọ́látitó, ó fi í lé ọwọ́ Sájẹ́ǹtì Ajíbóyè. Ó ní kí wọ́n má pẹ́ jù, nítorí òun fẹ́ yan búrẹ́dì ìgbéyàwó náà kí ara òun tó tutù. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun ń bọ́ lára wọn. Bọ́látitó wò mí, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà. Orí yín pé." Mo gbà pé ó pé. N kò sọ pé kò tó nǹkan.

Bàbá mi ti dìde. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Lójú gbogbo wọn, ó sọ pé, "Ọmọ mi nìyẹn o. Èmi ni mo bí i." Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ. "Ǹjẹ́ ìkan wà lọ́wọ́ rẹ tí mo lè kà?"

Ọ̀kan wà nínú báàgì mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ó ṣí i láti ẹ̀yìn.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá," mo ní. "Ọ̀nà iwájú lèèyàn ń gbà wọlé."

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọ ilé ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Nígbà tó dé ojú ìwé kejì, ó rẹ́rìn-ín sókè. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹṣin funfun kan dúró níbẹ̀, ara rẹ̀ tutù fún omi òkun ẹ̀yìnkùlé. Ó wọ bàtà ìyàwó sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ló kàn láti sọ̀rọ̀.